Ẹ Bi Wá, Kí Ẹ Gbọ́: Oúnjẹ Jíjẹ Nígbà Ìrìn-àjò Afẹ́ ní Istanbul

ÌBÉÈRÈ

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ní oṣù tó ń bọ̀, èmi àti ọkọ mi yóò lo ọjọ́ márùn-ún ní ìlú Istanbul, ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì, láti fi ṣe àjọyọ̀ ọdún 25 tí a ti fẹ́ ara wa. A ti mọ àwọn ibi tí a fẹ́ wò: mọ́ṣáláṣí Ayasofya, ààfin Topkapı, mọ́ṣáláṣí Süleymaniye àti ọjà ńlá abẹ́ òrùlé. Oúnjẹ ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Àbúrò mi obìnrin lọ síbẹ̀ ní èṣí. Ó wọ ilé oúnjẹ kan tí kò jìnnà sí Ayasofya, wọ́n sì kó àwo kéékèèké jọ síwájú rẹ̀ láì jẹ́ pé ó béèrè. Ó rò pé ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé owó dé, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kọ sí i, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ná owó oúnjẹ ọjọ́ méjì tán lórí ìjókòó kan. Báwo ni a ṣe lè mọ ilé oúnjẹ ìbílẹ̀ tòótọ́, kí a sì jẹun tẹ́rùn láì jẹ́ pé wọ́n rẹ́ wa jẹ?

Ìyàwó ilé kan tó ń múra ìrìn-àjò

ÌDÁHÙN

Ìyá wa, ẹ kú oríire. Ọdún 25 nínú ilé ọkọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Inú mi dùn pé ẹ ti ń ro ọ̀rọ̀ oúnjẹ kí ẹ tó gbéra, nítorí pé ẹni tó wo gbogbo ààfin àti mọ́ṣáláṣí Istanbul tán tí kò jẹun dáadáa níbẹ̀ kò tíì rí ìdajì ìlú náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò yín dùn mí, ó sì yẹ kí a tú u palẹ̀ ná. Àwọn ará Tọ́kì jẹ́ ẹni tó ń ṣe àlejò lóore ní tòótọ́. Ní ilé oúnjẹ wọn, búrẹ́dì sábà máa ń dé láì jẹ́ pé a béèrè. Ní ilé kebap, ìyẹn ilé ẹran sísun, sàláàdì àti àwo ata gígún lè tẹ̀ lé e. Bí a bá sì jẹun tán, gíláàsì tíì kan lè ti ọ̀dọ̀ onílé wá láì gba kọ́bọ̀. Ikram ni wọ́n ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tí àwọn tó gbọ́ èdè Lárúbáwá nínú yín yóò mọ̀ pé ìṣàpọ́nlé ni ó túmọ̀ sí. Àṣà rere yìí gan-an ni àwọn kan ní àdúgbò Sultanahmet, níbi tí àlejò pọ̀ sí jù, fi ń bojú: wọ́n á gbé àwo olówó wá bí ẹni pé ikram ni. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohun tí ẹ kò béèrè, ẹ bi ẹni tó gbé e wá pé, "Bu ikram mı?" Ìyẹn ni pé, ṣé ọ̀fẹ́ ni èyí? Bí ó bá ń yí ọ̀rọ̀ po, ẹ ní kí ó gbé e padà. Kò sí ìwà àìmọ̀wàáhù kankan nínú rẹ̀.

Òfin pàápàá wà lẹ́yìn yín. Ní Tọ́kì, dandan ni kí ilé oúnjẹ fi iye owó oúnjẹ rẹ̀ hàn sí ẹnu ọ̀nà àti sí orí tábìlì, owó orí ọjà tí wọ́n ń pè ní KDV sì gbọ́dọ̀ ti wà nínú iye tí ẹ rí níbẹ̀. Bí mẹ́nù kò bá ní owó lára, tàbí bí ẹni tó wá dá yín lóhùn bá ń sọ pé kí ẹ má ṣèyọnu, òun yóò to oúnjẹ tó dára fún yín, ẹ dìde. Mo mọ̀ pé ojú máa ń ti ọ̀pọ̀ nínú wa láti dìde níbi tí a ti jókòó sí, ṣùgbọ́n ìtìjú ìṣẹ́jú kan sàn ju ìbànújẹ́ tí yóò bá yín dé yàrá yín lálẹ́ lọ. Ẹja ló gba ìṣọ́ra jù. Ìwọ̀n kílò ni wọ́n sábà máa ń fi tà á, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n lójú yín, kí wọ́n sì dárúkọ owó rẹ̀ kí ó tó kan iná.

Ní ti àwọn ọkùnrin tó ń dúró lójú ọ̀nà, tí wọ́n ń fi èdè mẹ́rin márùn-ún kí àwọn tó ń kọjá tí wọ́n sì ń fà wọ́n wọlé, èyí tó ń gba làádà lórí oníbàárà nínú wọn ni àwọn ará ìlú ń pè ní hanutçu. N kò sọ pé ènìyàn burúkú ni gbogbo wọn, àmọ́ inú owó oúnjẹ yín ni làádà yẹn yóò ti jáde. Ilé oúnjẹ tí àwọn ará àdúgbò ti kún kò nílò ẹni tí yóò máa bá a pe èrò.

Wàyí o, báwo ni ẹ ṣe máa dá ilé oúnjẹ ìbílẹ̀ mọ̀? Ẹ ka pátákó rẹ̀. Ilé oúnjẹ ìbílẹ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú ní Tọ́kì kì í sábà se ohun gbogbo. Iṣẹ́ kan ni ó ń ṣe, iṣẹ́ yẹn náà ni ó sì ń jẹ́ lórúkọ. Köfteci ń ta ẹran lílọ̀ tí a rọ róbótó tí a sì sun lórí iná. Pideci ń ta pide, ìyẹ̀fun títẹ́ gígùn tí wọ́n to ẹran tàbí wàràkàṣì sí láàárín kí wọ́n tó tì í bọ ààrò. Balıkçı ni ti ẹja, çorbacı sì ni ti ọbẹ̀ mímu. Orúkọ çorbacı yìí ní ìtàn: nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Yeniçeri ti àwọn Sultan, oyè ọ̀gágun ni, àwọn ọmọ ogun náà a sì máa da ìkòkò oúnjẹ wọn dojú dé bí wọ́n bá fẹ́ ṣọ̀tẹ̀ sí ọba, títí di ọdún 1826 tí Sultan Mahmud Kejì fi tú wọn ká. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ìkòkò jinlẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù ni esnaf lokantası. Esnaf ni àwọn oníṣòwò kéékèèké àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ilé oúnjẹ tiwọn ni èyí, níbi tí alágbàṣe, akọ̀wé báńkì àti onísọ̀ ti ń jẹun ọ̀sán pọ̀. Ẹ kò nílò láti máa wá ìtumọ̀ mẹ́nù kiri níbẹ̀, nítorí pé oúnjẹ ti jinná láti àárọ̀, ó sì wà nínú àwọn àwo irin gígùn lórí omi gbígbóná, ẹ̀yìn gíláàsì báyìí, kí olúkúlùkù fi ojú ara rẹ̀ yan tirẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wọ irú rẹ̀, ẹ̀yìn ọkùnrin àgbàlagbà kan ni mo tò sí. Kò sọ̀rọ̀ rárá. Ó kàn na ìka sí ìgbá gígùn aláwọ̀ àlùkò kan tí wọ́n là láàárín tí wọ́n sì ki ẹran lílọ̀ bọ̀, tí ara rẹ̀ ti hunjọ tí ó ń dán fún òróró. Alásè fi ṣíbí pẹlẹbẹ gbé e pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí ó má bàa já, ó bu omi ọbẹ̀ díẹ̀ lé e lórí, ó sì gbá ìrẹsì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí baba náà jókòó, ó fún omi lẹ́mọ́ọ̀nù sínú àwo ọbẹ̀ mercimek, ìyẹn ọbẹ̀ ẹ̀wà pupa wẹ́wẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níbi gbogbo ní Tọ́kì, ó já búrẹ́dì, ó sì bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí wọ́n bu irú tirẹ̀ gan-an fún mi, n kò sì kábàámọ̀.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà tí yóò wúlò fún ẹ̀yin méjèèjì níbẹ̀: "az". Bí ẹ bá sọ ọ́ bí ẹ ti ń na ìka sí oúnjẹ, díẹ̀ ni wọn yóò bù, owó rẹ̀ a sì dín, ẹ ó lè tọ́ oúnjẹ mẹ́ta mẹ́rin wò lórí ìjókòó kan. Bí ebi bá sì ń pa bàbá wa gan-an, "bir buçuk" ni kí wọ́n sọ, èyí tó jẹ́ àwo kan àti ààbọ̀. Ẹ tètè dé ibẹ̀. Tí ó bá fi máa di nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, ìkòkò tó dára jù ti ń gbẹ, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í ṣí lálẹ́ tàbí lọ́jọ́ Àìkú.

Ẹ jẹ́ kí ìrìn yín àti oúnjẹ yín bá ara wọn lọ. Topkapı kì í ṣí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọn kì í sì í gba àlejò sí Ayasofya ní àsìkò ìrun Jímọ̀. Nígbà tí ẹ bá dé Topkapı, ẹ má sáré lọ wo ohun ọ̀ṣọ́ kí ẹ wá gbàgbé ilé ìdáná ààfin. Òkè ni ẹ ó ti kọ́kọ́ rí i: àwọn ọ̀nà èéfín rẹ̀ tò lọ lẹ́sẹẹsẹ bí ẹgbẹ́ ọmọ ogun. Iná jó o ní 1574, Sinan, olórí àwọn ayàwòrán ilé ọba, ló sì tún un kọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì ń jẹ nínú ìkòkò rẹ̀ lójoojúmọ́ nígbà ayé àwọn Sultan. Sinan yìí kan náà ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Süleymaniye, tí wọ́n parí ní 1557. Bí ẹ bá jáde níbẹ̀, ẹ ó rí ọ̀wọ́ àwọn ilé oúnjẹ kéékèèké tó kọjú sí mọ́ṣáláṣí náà, tí iṣẹ́ wọn kò ju ẹyọ kan lọ: kuru fasulye, ẹ̀wà funfun tí wọ́n fi tòmátì àti bọ́tà sè pẹ́ títí ó fi rọ̀ láì fọ́. Ìrẹsì ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, pẹ̀lú ewébẹ̀ tí a rẹ sínú omi kíkan. Bí ẹ bá bi mí ní oúnjẹ ọ̀sán kan ṣoṣo tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà rẹ̀ ní apá ibẹ̀ yẹn, òun ni.

Fún alẹ́ àjọyọ̀ yín gan-an, ocakbaşı ni mo yàn fún yín. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ ààrò, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó sì rí: ẹ ó jókòó yí ẹyín iná ká, lábẹ́ ìbòrí bàbà ńlá tó ń fa èéfín, ẹ ó sì máa wo ọwọ́ alásè. Ẹ ní kí ó fún yín ní Adana. Ẹran àgùntàn àti ọ̀rá ìrù rẹ̀ ni, tí wọ́n fi ọ̀bẹ gígùn títẹ̀ tí wọ́n ń pè ní zırh gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n fi ata pupa pò, tí wọ́n sì fi ọwọ́ tútù tẹ̀ mọ́ irin fífẹ̀. Bí ọ̀rá ti ń kán sínú iná, alásè a mú búrẹ́dì pẹlẹbẹ, a fi tẹ ẹran náà kí ó lè fa ọ̀rá mu, a sì dá búrẹ́dì padà sórí iná. Búrẹ́dì yẹn gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ jẹ.

Ní ti owó, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé iye tí ẹnikẹ́ni sọ fún yín láti èṣí. Owó ọjà ti fò sókè gan-an ní Tọ́kì. Ní oṣù Ọ̀wàwà 2022, ìṣirò ìjọba fúnra rẹ̀ fi hàn pé ó ti gòkè ju ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún lọ láàárín ọdún kan. Líra ni kí ẹ máa ná. Bí ẹ bá fi káàdì sanwó tí ẹ̀rọ sì bi yín bóyá líra ni tàbí owó ilé yín, ẹ yan líra, nítorí pé iye tí ẹ̀rọ fi ń ṣẹ́ owó máa ń wọ́n. Bahşiş ni owó ìmoore fún ẹni tó gbé oúnjẹ: ní ibi tí wọ́n ti ṣe ìtọ́jú yín lórí ìjókòó, bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ti tó, ní esnaf lokantası, ẹ kàn lè fi ṣéńjì sílẹ̀. Ẹ fi owó náà lé wọn lọ́wọ́.

Ohun kan ṣẹ́kù. Bí ẹ bá ń jáde, ẹ wojú alásè, kí ẹ sọ pé, "Elinize sağlık", kí ọwọ́ yín ní ìlera. "Afiyet olsun" ni yóò fi dá yín lóhùn. Afiyet yẹn àti àlàáfíà tiwa, inú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan náà ni àwọn méjèèjì ti wá, nítorí náà ẹ ti mọ ohun tó ń gbà ní àdúrà fún yín.

ÌBÉÈRÈ

Olóòtú, mo ti gbọ́ pé oúnjẹ Tọ́kì kò ní ata rárá. Èmi kò lè jẹ ohun tí kò ta. Ṣé kí n di ata gígún mọ́ ẹrù ni?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń lọ fún ìpàdé iṣẹ́

ÌDÁHÙN

Má di ata kankan, arákùnrin. Òótọ́ ni pé oúnjẹ ìhà ìwọ̀-oòrùn, títí kan Istanbul, kì í ta púpọ̀. Òróró ólífì, tòmátì, yọ́gọ́ọ̀tì àti ewé olóòórùn dídùn ni wọ́n gbójú lé. Ṣùgbọ́n bí o bá ti ń lọ sí gúúsù ìlà-oòrùn ni ọ̀rọ̀ ń yí padà. Wọ́n ní isot ní Urfa, ata tí wọ́n ń sá sínú oòrùn lọ́sàn-án tí wọ́n sì ń bò mọ́lẹ̀ lóru kí ó lè làágùn, títí yóò fi dúdú díẹ̀ tí yóò sì ní òórùn bí ohun tí a fi èéfín yan. Gaziantep, tí àjọ UNESCO fi sára àwọn ìlú olókìkí oúnjẹ ní 2015, kò kẹ̀rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ata, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ìlú náà tó ń se oúnjẹ tà ní Istanbul pọ̀ jọjọ.

"Acılı" ni kí o máa sọ, èyí tó túmọ̀ sí pé kí wọ́n jẹ́ kí ó ta. Láàárín kebap méjì tí wọ́n jọ ara wọn, Adana ló ń ta, Urfa kì í ta. Má ṣe ṣì wọ́n mú. Béèrè ezme pẹ̀lú, ìyẹn tòmátì, àlùbọ́sà àti ata tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnná. Yàtọ̀ sí èyí, pul biber, ata pupa tí wọ́n rún, sábà máa ń wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyọ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí ó bá di òru tí òtútù ń mú, wá ilé çorbacı kan tó ń ta işkembe, ọbẹ̀ ṣàkì. Wọn yóò gbé aáyù tí wọ́n pò mọ́ omi kíkan tì í fún ọ. Bù ú sí i, wọ́n pul biber lé e lórí, kí o sì sọ fún mi nígbà tí o bá dé bóyá o rántí ata ilé.

ÌBÉÈRÈ

Mùsùlùmí ni wá nínú ilé wa. Ṣé a lè jẹun níbikíbi ní Tọ́kì láì bẹ̀rù ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ọtí?

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta

ÌDÁHÙN

Ẹ̀rù ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kò tó nǹkan: Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní orílẹ̀-èdè náà, ẹran màlúù, àgùntàn àti adìyẹ sì ni ilé oúnjẹ lásán ń tà. Ọtí ló gba ìbéèrè. Meyhane jẹ́ ilé tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí ọtí, pàápàá rakı, ọtí líle tó ń di funfun bí wàrà bí omi bá ti kàn án. Oúnjẹ kéékèèké ibẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí ẹ ó kó ọmọ lọ. Ọ̀pọ̀ ocakbaşı náà ń ta ọtí. Ní esnaf lokantası, ní ilé köfte àti ní àwọn ilé oúnjẹ ìtòsí mọ́ṣáláṣí, ẹ kì í sábà rí i. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ béèrè ní ẹnu ọ̀nà pé, "Alkol var mı?", ṣé ọtí wà níbí? Fún àwọn ọmọ, ẹ ra ayran, yọ́gọ́ọ̀tì tí wọ́n fi omi àti iyọ̀ lù; òun ló bá ẹran sísun mu jù lọ lójú tèmi. Bí ìrìn yín bá bọ́ sí inú oṣù Ramadan, ẹ tètè gba àyè sílẹ̀ fún àsìkò ìṣínu, nítorí pé kí ìrun Mọ̀gàríbì tó wọlé, àwọn ilé oúnjẹ ti kún fọ́fọ́, gbogbo ènìyàn ti jókòó ti ọbẹ̀ àti búrẹ́dì wọn, wọ́n ń dúró de ohùn ìpè.

ÌBÉÈRÈ

Mo ra kọfí ní ilé oúnjẹ kan ní Istanbul, wọ́n ní kí n sọ bí ṣúgà yóò ti pọ̀ tó kí wọ́n tó sè é. Nígbà tí ó sì dé, iyẹ̀pẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ṣé wọn kò sẹ́ ẹ ni?

Òǹkàwé yín kan

ÌDÁHÙN

Kọfí Tọ́kì kì í gba sísẹ́. Kọfí tí wọ́n lọ̀ kúnná bí ẹbu, omi tútù àti ṣúgà ni wọ́n jọ ń dà sínú cezve, ìkòkò kékeré ọlọ́wọ́ gígùn, tí wọ́n á fi iná jẹ́jẹ́ sè é pọ̀ títí ìfófó yóò fi gbérí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń béèrè ṣúgà ṣáájú: "sade" kò ní ṣúgà, "az şekerli" ní díẹ̀, "orta" wà láàárín, "şekerli" dùn gan-an. Ìfófó náà ni ẹ̀rí pé alásè kò jẹ́ kí ó hó jù. Àṣà yìí wọ inú àkọsílẹ̀ ohun àjogúnbá UNESCO ní 2013, ó sì kọjá ohun mímu lásán, nítorí pé bí àwọn òbí ọkọ bá wá tọrọ ìyàwó, ọmọbìnrin náà ló ń se kọfí fún wọn, òmíràn a sì bu iyọ̀ sí ti ọkọ àfẹ́sọ́nà láti wo bí yóò ti fara dà á.

Omi tó bá kọfí wá ni kí ẹ kọ́kọ́ mu, kí ẹnu lè mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ife náà sílẹ̀ ìṣẹ́jú méjì kí ẹbu lè rọlẹ̀, kí ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀, kí ẹ má sì fi ṣíbí rò ó. Bí ètè yín bá ti kan ohun tó nípọn ní ìsàlẹ̀, telve nìyẹn, kọfí ti tán.